Olúborí bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà: ká dìbò yàn án ni, àbí kí wọ́n gbá a lórí pápá?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá kan kéde pé Florida State kò ní bá wọn du ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ o: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tàlá ni Florida State gbá lọ́dún yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ló borí. Ó gba ife kọ́ńfáránsì rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó kó bá a ni pé Jordan Travis, quarterback tó ń darí eré wọn, ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe ní oṣù Kọkànlá, ìgbìmọ̀ sì wò ó pé ẹgbẹ́ náà kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Alabama, tí Texas ti nà nílé ara rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n fi sí ipò kẹrin, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó máa du ife.

Ariwo tó tẹ̀lé e kò tíì rọlẹ̀. Ó dé ilé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Maryland àti Chicago náà, nítorí àwọn ọmọ wọn ti wà nínú eré yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbé dìde, pé ṣé ó yẹ kí wọ́n máa fi ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ yan olúborí àbí kò yẹ, kò tó. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ti gbà ṣe é láti 1936, wọ́n sì ń jà lórí ìkarùn-ún lọ́wọ́. Mo fẹ́ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa gbè lẹ́yìn. Èmi ti mú tèmi, mi ò sì ní fi pa mọ́: iye ẹgbẹ́ tó ń wọlé kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí mo ń wò ni ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, bóyá ìṣẹ́gun orí pápá ni, àbí ẹnu àwọn kan nínú yàrá.

Ìdí tí ìjà náà kò fi tán

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ni, tí wọ́n ń dé akoto gbá, tí wọ́n sì ń fi gbogbo ara kọlu ara wọn. Ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ 20 ló wà, oníkálukú sì máa bá gbogbo àwọn yòókù pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Tí eré 38 bá parí, àtẹ ti sọ olúborí, kò sẹ́ni tó máa dìbò. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì tó wà ní ìpele tó ga jù lọ lé ní 130, eré 12 péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá kí àsìkò tó parí, nítorí irú ìkọlura bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Inú kọ́ńfáránsì, ìyẹn àwùjọ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn gbá lọ́dọọdún, bíi SEC ti ìhà gúúsù àti Big Ten tó fìdí múlẹ̀ ní ìhà àríwá, ni ọ̀pọ̀ eré yẹn ti ń wáyé. Tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá wá parí ọdún láì fìdí rẹmi, tí wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn, ta ni ọ̀gá?

| | Ìbò àti bowl | BCS | Ẹgbẹ́ mẹ́rin | Ẹgbẹ́ méjìlá |
|---|---|---|---|---|
| Àsìkò | 1936 sí 1997 | 1998 sí 2013 | 2014 sí 2023 | láti 2024 |
| Ta ló ń yàn? | oníròyìn àti akọ́nimọ̀ọ́gbá | ìbò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà | ìgbìmọ̀ | ìgbìmọ̀, àmọ́ olúborí kọ́ńfáránsì márùn-ún ní ipò tiwọn |
| Ẹgbẹ́ tó ń du ife | kò sí àṣekágbá | 2 | 4 | 12 |
| Eré tí ẹni tó dé òpin sábà ń gbá | 12 tàbí 13 | 13 tàbí 14 | 15 | 16, ó lè di 17 |

Ayé ìbò

Láti 1936 ni Associated Press, AP, ti ń gba ìbò àwọn oníròyìn eré ìdárayá. Láti 1950 ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ti ní ìbò tiwọn. Tí ọdún bá ń parí lọ, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa á lọ gbá bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹyọ kan tí àwọn ìlú tí òtútù kò ti mú fi ń fa àlejò mọ́ra: Rose Bowl ní Pasadena, Sugar Bowl ní New Orleans, Orange Bowl ní Miami. Lẹ́yìn náà ni wọn á ka ìbò, ó parí.

Ètò yìí ní adùn tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ní. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló le koko. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kẹwàá lè ti ba ọdún rẹ̀ jẹ́ pátápátá, nítorí náà kò sí eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ń fi ayọ̀ parí ọdún, torí ẹni tó bá gba bowl tirẹ̀ ti gba nǹkan lọ sílé.

Àmọ́ Rose Bowl ti bá Big Ten àti kọ́ńfáránsì ìwọ̀-oòrùn dá májẹ̀mú láti 1947 pé àwọn méjèèjì ni yóò máa pàdé níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kìíní àti ìkejì lórílẹ̀-èdè fi lè wà lọ́dún kan náà láì pàdé. Ní 1997, Michigan ò fìdí rẹmi, Nebraska ò fìdí rẹmi. Michigan na Washington State 21 sí 16 ní Pasadena, Nebraska sì fìyà jẹ Tennessee 42 sí 17 ní Miami. Oníròyìn gbé ife fún Michigan, akọ́nimọ̀ọ́gbá gbé tiwọn fún Nebraska, tí Tom Osborne tó kọ́ wọn ń fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ náà. Ẹ bi ará ìpínlẹ̀ méjèèjì lónìí, ife tirẹ̀ ni oníkálukú máa nà sí yín.

Ti 1990 ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òfin eré náà ni pé ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá tàbí kó gbé e kọjá ìlà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, Colorado wà nílé Missouri, àsìkò ń tán lọ, wọ́n sì ti súnmọ́ ìlà pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n lo ìgbìyànjú mẹ́rin, wọn ò wọlé. Àmọ́ ẹni tó ń yí àmì ìgbìyànjú létí pápá kò yí i lẹ́ẹ̀kan, àwọn adájọ́ ò sì kíyè sí i, ni wọ́n bá tún fún Colorado ní ìkarùn-ún. Ìyẹn ni wọ́n fi wọlé. Eré parí sí 33 sí 31, kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Nígbà tí ọdún parí, Colorado tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan tó sì gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan ni AP dìbò fún. Georgia Tech, tí ẹnikẹ́ni kò nà lọ́dún náà, gba ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn méjèèjì ò pàdé.

Láàárín 1992 sí 1997 wọ́n gbìyànjú àtúnṣe díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n Rose Bowl ò bá wọn dá sí i, n kò sì ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

BCS: ẹgbẹ́ méjì péré

Láti 1998, nínú ètò tí wọ́n pè ní Bowl Championship Series, BCS, ni wọ́n ti da ìbò pọ̀ mọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà kí ẹgbẹ́ méjì lè jáde fún àṣekágbá. Ọdún tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì gan-an ló yọ yàtọ̀, ètò náà ń dùn mọ́ni. Ní ìparí àsìkò 2005, Texas àti USC wọ Rose Bowl láì tíì fìdí rẹmi, Texas sì gba ife 41 sí 38. Ẹni tó wo eré yẹn kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ọdún tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ní 2001, Nebraska jẹ ìyà 62 sí 36 lọ́wọ́ Colorado, kò tilẹ̀ dé àṣekágbá kọ́ńfáránsì rẹ̀, síbẹ̀ ìṣirò gbé e lọ du ife orílẹ̀-èdè. Miami nà án 37 sí 14. Ní 2003, USC ló ṣíwájú nínú ìbò oníròyìn àti ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, BCS fi í sílẹ̀, ó mú LSU àti Oklahoma. LSU gba ife BCS, AP ní àwọn ò gbà, wọ́n gbé tiwọn fún USC, a tún padà sí olúborí méjì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yanjú. Ní 2004, Auburn gbá mẹ́tàlá, ó borí mẹ́tàlá, kò rọ́nà lọ. Lẹ́yìn ọdún yẹn ni AP fúnra rẹ̀ ní kí BCS má lo ìbò òun mọ́.

Àwọn tí BCS rẹ́ jẹ jù ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ wọn kò tóbi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2007, ní Glendale, ìpínlẹ̀ Arizona, Boise State ń bá Oklahoma gbá Fiesta Bowl. Eré ti wọ àfikún àsìkò, Oklahoma ń ṣíwájú 42 sí 35. Boise State gba touchdown, ìyẹn ni pé wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, ó wá ku ẹyọ àmì kan kí wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ń ṣọ́ra á gba ẹyọ kan tó dájú yẹn kí eré máa bá a lọ. Wọ́n ní rárá, méjì làwọn ń wá. Jared Zabransky na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, gbogbo ará Oklahoma sì ṣíjú síbẹ̀. Ọwọ́ náà ṣófo. Bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ òsì lẹ́yìn rẹ̀, Ian Johnson kọjá níbẹ̀, ó gbà á, ó sì sá wọlé. 43 sí 42. Ká tó ṣẹ́jú, Johnson ti kúnlẹ̀ lórí pápá níwájú kámẹ́rà, ó ń bẹ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ pé kó fẹ́ òun.

Boise State kò fìdí rẹmi kankan lọ́dún náà. Ipò karùn-ún ni AP fi í sí. Florida tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀kan ló gba ife. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Utah borí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, ó sì na Alabama 31 sí 17 ní Sugar Bowl. Kò gba ife. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington. Barack Obama pàápàá, kí ó tó gorí àlééfà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kọkànlá 2008 pé ìdíje ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ lòun fẹ́.

Ohun tó fọ́ BCS ní ìkẹyìn ni ti 2011. LSU na Alabama 9 sí 6 nínú oṣù Kọkànlá, nílé Alabama. Nígbà tó di oṣù Kìíní, àwọn méjì kan náà ni ètò gbé padà wá fún àṣekágbá, láti inú kọ́ńfáránsì kan náà. Alabama gbà á 21 sí òdo. Kí ni eré oṣù Kọkànlá wá wà fún?

Ẹgbẹ́ mẹ́rin

Nínú gbogbo ètò tó wà níbí, èyí ló tètè ń tan èèyàn jẹ, nítorí ó jọ ìdíje. Ní 2014, ìgbìmọ̀ rọ́pò kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ mẹ́rin sì ń gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí méjì tó kù tó wá du ife.

Ọdún àkọ́kọ́ pa àwọn alátakò lẹ́nu mọ́. Braxton Miller, quarterback Ohio State, ṣèṣe kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. J.T. Barrett tó rọ́pò rẹ̀ fi ọrùn-ẹsẹ̀ ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá Michigan gbá. Ó ku Cardale Jones, ìkẹta. Pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n na Wisconsin 59 sí òdo, ìgbìmọ̀ mú wọn sípò kẹrin, wọ́n na Alabama 42 sí 35, wọ́n sì na Oregon 42 sí 20. Tó bá jẹ́ ayé BCS ni, ilé ni wọn ì bá ti máa wo àṣekágbá.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Florida State. Ní 2014, ẹgbẹ́ tó ń lo quarterback kẹta wọlé. Ní 2023, ẹgbẹ́ tí quarterback rẹ̀ kò sí, tó sì tún ń borí, kò wọlé. Àwíjàre wà fún méjèèjì, mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ìgbìmọ̀ tún máa ń fi 63 sí 3 tí Georgia fi na Florida State ní Orange Bowl ṣe ẹ̀rí, wọn kì í sì í fi kún un pé ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù Florida State ti yọwọ́ kí eré náà tó dé, torí kò sóhun tí wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀ mọ́. Ibi tí àléébù wà ni pé kò sí òfin kankan tó ní ẹni tó gba kọ́ńfáránsì rẹ̀ láì fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ wọlé. Kọ́ńfáránsì ńlá márùn-ún ló wà nígbà yẹn, ipò sì jẹ́ mẹ́rin. Lọ́dọọdún, kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbéra, a ti mọ̀ pé ó kéré tán, ẹnì kan á sunkún.

Láàárín ọdún mẹ́wàá, ipò 40 ló ṣí sílẹ̀. Alabama gba mẹ́jọ, Clemson mẹ́fà, Ohio State márùn-ún: ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ipò 19. UCF, yunifásítì kan ní Orlando, borí mẹ́tàlá nínú mẹ́tàlá ní 2017, ó tún na Auburn 34 sí 27 ní Peach Bowl. Wọn ò pè é. Nínú ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí a bá yọ Notre Dame tó dá dúró kúrò, Cincinnati ní 2021 nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú kọ́ńfáránsì ńlá tó ráyè wọlé.

Eré tó dùn ò ṣàìsí ṣá. Ẹni tó bá rántí ìparí 2022 á rántí Michigan àti TCU, 51 sí 45. Ọmọ wa kan, Olusegun Oluwatimi, ló wà láàárín ìlà iwájú Michigan lọ́dún yẹn, òun ló ń fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington pọ̀. TCU ló borí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá, Georgia nà wọ́n 65 sí 7.

Ẹgbẹ́ méjìlá

Láti 2024, olúborí kọ́ńfáránsì márùn-ún tí ipò wọn ga jù ń wọlé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbìmọ̀ sì ń yan méje yòókù. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ń sinmi, mẹ́jọ tó kù ń gbá ìpele kìíní nínú ọgbà yunifásítì tí ipò rẹ̀ ga jù. Èmi gbà pé ìyípadà yìí ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, South Bend, State College, Austin àti Columbus gbàlejò, nínú òtútù, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, alátìlẹ́yìn tó bá fẹ́ rí irú eré bẹ́ẹ̀ ní láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìlú tí kò mọ̀. Kí n má purọ́, eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbóná púpọ̀: onílé ló borí gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tí àlàfo rẹ̀ dín sí àmì mẹ́wàá.

Àtakò tó lágbára jù sí ẹgbẹ́ méjìlá ni Ohio State ọdún yẹn gan-an. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, Michigan tí kò ṣe dáadáa lọ́dún náà wá nà wọ́n nílé wọn, 13 sí 10. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa fìdí rẹmi nìyẹn. Láyé ìbò, láyé BCS, láyé ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọdún wọn ti parí. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn fúnra wọn ń bú Ryan Day tó ń kọ́ wọn. Ipò kẹjọ ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n na Tennessee, Oregon, Texas àti Notre Dame léraléra, ife wá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní Atlanta lọ́jọ́ 20 oṣù Kìíní 2025. Ẹni tó ní èyí ti sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Michigan àti Ohio State di eré lásán, ó ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n nà yẹn, kò sí ẹni tí ìgbìmọ̀ bá wọn nà níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ ṣá o. Ní 2025, Miami àti Notre Dame parí pẹ̀lú ìborí mẹ́wàá àti ìjákulẹ̀ méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi Notre Dame sókè Miami, kó tó di pé lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n rántí pé Miami ti na Notre Dame 27 sí 24 ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò. Miami wọlé ní ipò kẹwàá, Notre Dame bínú, wọn ò tilẹ̀ gbá bowl kankan. Ẹgbẹ́ ipò kẹwàá yẹn ló rìn títí dé àṣekágbá, kí Indiana tó nà án 27 sí 21. Indiana, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìtàn bọ́ọ̀lù rẹ̀ kún fún ìjákulẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbá eré 16, ó borí gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún kan náà, Tulane àti James Madison wọlé torí pé wọ́n gba kọ́ńfáránsì wọn. Ole Miss na Tulane 41 sí 10, Oregon na James Madison 51 sí 34, ni àwọn kan bá tún gbé e pé àyè ṣòfò. Ẹ rántí ìgbà tí Georgia na TCU pẹ̀lú àmì 58, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé kọ́ńfáránsì TCU jáde.

Ara àwọn ọmọ

Tí ẹ bá jẹ́ òbí agbábọ́ọ̀lù, ìlà ìkẹyìn nínú àtẹ òkè yẹn ni kí ẹ tún wò. Láti eré 12 sí 16 kì í ṣe nǹkan kékeré fún orúnkún ọmọ ogún ọdún. Jaylon Smith ti Notre Dame fi orúnkún ṣèṣe gan-an ní Fiesta Bowl ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2016, nínú eré tí kò sí ife orílẹ̀-èdè níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a jẹun, sì jẹ́ kó já sí ìpín kejì nínú yíyàn wọn. Ìparí ọdún yẹn ni Christian McCaffrey àti Leonard Fournette ní àwọn ò gbá bowl, àwọn tó tẹ̀lé wọn láti ìgbà náà sì pọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Eré tó bá ní ife nínú kì í sábà rí irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó náà ti yí padà. ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, gbà láti san 7.8 bílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà láti 2026. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń wọlé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù ń gbà. Láti 2025 ni ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i pé yunifásítì lè pín tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Tí wọn ò bá tíì san owó yìí, èmi ì bá sọ pé kí wọ́n padà sí ẹgbẹ́ mẹ́rin nítorí àwọn ọmọ náà.

Ti ìdánwò tí àwọn ọ̀gá yunifásítì máa ń gbé kalẹ̀, pé oṣù Kejìlá jẹ́ àsìkò ẹ̀kọ́, mi ò gbà á. Ìpele kejì àti ìkẹta ti ń gbá kò-mẹsẹ̀-ó-yọ láti 1973, ìpele FCS, tó tẹ̀lé èyí tó ga jù lọ, láti 1978. Àwọn yẹn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni? Ohun tó ń da àsìkò náà rú gan-an ni àwọn àgbà. Lane Kiffin fi Ole Miss sílẹ̀ lọ sí LSU ní òpin oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ti fẹ́ wọ ìdíje.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ràn kí gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta máa mì tìtì, tí kò sì bìkítà bí olúborí bá di méjì, ayé ìbò ló bá a lára mu, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí BCS yẹ fún. Ẹgbẹ́ mẹ́rin yẹ fún ẹni tó bá ń ṣàtìlẹ́yìn Alabama. Tó bá jẹ́ pé Boise, Orlando tàbí Cincinnati ni ọmọ yín ń lọ, ẹ má gbà ju ẹgbẹ́ méjìlá lọ, ẹ má sì gbà kó dín.

Àwọn tó ní kí wọ́n sọ ọ́ di 24 máa ń tọ́ka sí FCS, tó ti ń gbá ẹlẹ́gbẹ́ 24 láti 2013. Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo ibẹ̀: North Dakota State nìkan gba ife mẹ́wàá láàárín àsìkò 2011 sí 2024. Kí ẹgbẹ́ pọ̀ kò sọ pé kí ọwọ́ tuntun dé ibi ife. Eré ló máa pọ̀, ìpalára á sì bá a rìn.

Tó bá kù sọ́wọ́ mi, méjìlá ni màá fi í sí, màá gbé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ náà kúrò ní àwọn ìlú bowl wá sínú ọgbà yunifásítì, màá sì fi ipò márùn-ún ti àwọn olúborí kọ́ńfáránsì síbi tó wà. Ìyẹn ni mo ṣe ń ṣọ́ àbá tí Big Ten gbé jáde ní 2025 fún ìdíje ẹlẹ́gbẹ́ 16: ipò mẹ́rin fún Big Ten, mẹ́rin fún SEC, méjì fún ACC, méjì fún Big 12, ẹyọ kan fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó kù, kí wọ́n wá du mẹ́ta. SEC ò bá wọn fọwọ́ sí i, ó fẹ́ kí olúborí márùn-ún wà bó ṣe wà, kí ìgbìmọ̀ yan 11 yòókù. Èmi àti SEC kì í sábà pé, àmọ́ lórí èyí, ẹ̀yìn wọn ni mo wà: ẹgbẹ́ kẹrin ní Big Ten á ní ipò tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ, kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan.